BÀṢÍRÙ ÀTI BÀSÍRÙ: ORÚKỌ KAN NI, ÀBÍ MÉJÌ?

 

 Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún yín lórí ojú ìwé yìí dá lé orúkọ kan ṣoṣo. Kò sí àdúgbò Mùsùlùmí nílẹ̀ Yorùbá tí ẹ kò ti ní rí ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Orúkọ náà ni Bàṣírù.

Bí ẹ bá dúró ní Dàda Estate níbí nírọ̀lẹ́, tí àwọn ìyá ń pe ọmọ wọlé, ọ̀kan á ní Bàṣírù, èkejì á ní Bàsírù. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga Lárúbáwá dé á ní Bashīr, kò ní fi ù kankan sí i nídìí. Nínú rẹ́jísítà kíláàsì, ẹ ó tún bá Bashiru, Basiru, Bashir, Basir àti Baseer. Àwọn kan ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn mìíràn ní àwọn ará Ìbàdàn ló ba orúkọ náà jẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò tíì pé. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti ahọ́n lásán, tí kò ba nǹkan kan jẹ́. Ìyàtọ̀ kejì wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti ìtumọ̀, nítorí pé orúkọ méjì ló wà níwájú wa. Ẹni tí kò bá ya ìkíní sọ́tọ̀ kúrò lára ìkejì yóò máa bínú sí ohun tí kò yẹ kó bínú sí, yóò sì máa fojú fo ohun tó yẹ kó mójú tó.

AHỌ́N ÌLÚ KỌ̀Ọ̀KAN

Ọ̀kan ni Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹ̀ka èdè rẹ̀ pọ̀. Ìjẹ̀ṣà á pe ilé ní ulé, á pe iṣu ní uṣu. Síbẹ̀, ohùn ṣ wà lẹ́nu wọn ketekete. Orúkọ àwọn fúnra wọn àti ti ìlú wọn Iléṣà ló ń jẹ́rìí sí i. Nítorí náà, Bàṣírù ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ṣ ni ẹ ó gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀.

Ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ bíbí Ìbàdàn, pàápàá àwọn àgbà, s ni ṣ ń dà. Isu ni wọ́n ń jẹ, isẹ́ ni wọ́n ń lọ láàárọ̀. Lẹ́nu wọn, Bàṣírù á di Bàsírù, Ràṣídì á di Ràsídì, Ṣàkírù á di Sàkírù. Bí a bá sì gba Òkè-Ògùn lọ sí apá Ṣakí, ẹ ó gbọ́ ohùn kẹta. Ṣ wọn níbẹ̀ le, ó dà bí ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Chukwu tí àwọn Ìgbò fi ń pe Ọlọ́hun. Chakí ni wọ́n ń pe ìlú náà gan-an, Bàchírù ni ẹ ó sì gbọ́ lẹ́nu wọn.

Kí ló wá dé tí gbogbo rẹ̀ fi ń pàdé ní Òṣogbo? Ìtàn ìlú ló dá wa lóhùn. Ìpólé nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni àwọn tó tẹ Òṣogbo dó ti wá, Láròóyè ló sì ṣáájú wọn. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní ọ̀rúndún 19, àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun lé rọ́ wọ ìlú yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1840, ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun ọmọ ogun Ìlọrin ní Òṣogbo, àjọṣe ìlú méjèèjì sì le sí i láti ìgbà náà. Ní 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jáde lára Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Òṣogbo di olú-ìlú, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní Ìbàdàn tẹ́lẹ̀ sì kó wá síbí. Ilé tí bàbá jẹ́ Ìbàdàn, tí ìyá jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n sì bí ọmọ sí Òṣogbo, báwo ni a kò ṣe ní gbọ́ ohùn méjì níbẹ̀?

Ní ti ù ìdí orúkọ náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àbùkù ni. Ọmọ kéwú tó ti bẹ̀rẹ̀ náhàwù mọ̀ pé orúkọ máa ń ní ḍammah lórí lẹ́tà ìkẹyìn rẹ̀ nígbà tí ó bá jẹ́ olùṣe nínú gbólóhùn. Bí Lárúbáwá bá dúró lórí rẹ̀, á fi ḍammah sílẹ̀, á ní Bashīr. Yorùbá kì í fi r parí ọ̀rọ̀, nítorí náà ó mú ḍammah náà dání wá sílé, ó ní Bàṣírù. Àwọn Haúsá náà ń ní Bashiru. Ohùn Lárúbáwá gan-an ni, kì í ṣe àfikún àwọn baba wa.

LẸ́NU LÁRÚBÁWÁ, ORÚKỌ MÉJÌ NI

Ibi tí ó yẹ kí a ti farabalẹ̀ nìyí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ méjì yìí:

بشير
بصير

Bá, yá àti rá wà nínú méjèèjì. Lẹ́tà kejì nìkan ló yà wọ́n. Ṣíínì (ش) ló wà nínú èyí àkọ́kọ́, sọ́ádì (ص) ló wà nínú èkejì.

Bashīr (بشير) ni ẹni tó mú ìròyìn ayọ̀ wá. Ọlọ́hun fi pe Ànábì wa nínú Àlùkùránì ní ibi púpọ̀. Ẹ wo Súúrà Al-Baqarah àáyà 119, Súúrà Sabaʾ àáyà 28, àti Súúrà Fātir àáyà 24. Ẹ ó rí i níbẹ̀ pé olùmú-ìròyìn-ayọ̀-wá àti olùkìlọ̀ ni wọ́n rán an. Ànábì fúnra rẹ̀ tilẹ̀ fi orúkọ yìí sọ ènìyàn. Ó wà nínú hádíìsì tí Abū Dāwūd gbà wá pé ọkùnrin kan wá bá Ànábì, Zahm ni orúkọ rẹ̀ láyé àìmọ̀kan, ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ìfúnpọ̀. Nígbà tí Ànábì bi í léèrè orúkọ rẹ̀ tó sì sọ ọ́, Ànábì yí i padà fún un sí Bashīr. Òun ni àwọn onímọ̀ mọ̀ sí Bashīr ọmọ al-Khasāsiyah.

Basīr (بصير) ni ẹni tó ń ríran. Al-Basīr wà nínú àwọn orúkọ Ọlọ́hun tó rẹwà: Ọba tó ń rí ohun gbogbo, tí òkùnkùn kò bo nǹkan kan mọ́ lójú. Láti ara gbòǹgbò kan náà ni a ti rí ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ojú-òye, òun ni àwọn ọmọbìnrin wa ń jẹ́ ní Bàsírátù tàbí Bàsírà. Àwọn ọmọbìnrin mìíràn sì ń jẹ́ Bàṣírátù, èyí tó wá láti ara ìròyìn ayọ̀. Bí ti ọkùnrin ti jẹ́ méjì, bẹ́ẹ̀ náà ni ti obìnrin.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ti rí lẹ́nu wa. Àárín ahọ́n àti òkè ẹnu la fi ń pe ṣíínì, atẹ́gùn á sì fọ́n ká ẹnu. Ṣóńṣó ahọ́n nítòsí eyín ìsàlẹ̀ iwájú la fi ń pe síínì (س), ohùn rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ibi kan náà la ti ń pe sọ́ádì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ahọ́n á gbé sókè, ohùn á sì nípọn. Yorùbá ní s, ó ní ṣ, kò ní sọ́ádì. Nítorí náà, s lásán ni gbogbo wa fi ń pe بصير, ìbáà ṣe Ìjẹ̀ṣà, ìbáà ṣe Ìbàdàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá já sí nìyí. Lẹ́nu Ìjẹ̀ṣà, Bàṣírù ni olùmú-ìròyìn-ayọ̀-wá, Bàsírù ni olùríran. Lẹ́nu Ìbàdàn, méjèèjì ń jẹ́ Bàsírù. Ohun tí ohùn yà sọ́tọ̀ ní Iléṣà, ohùn kò lè yà á ní Ìbàdàn. Bí ẹ bá gbọ́ Bàsírù lẹ́nu ọmọ Ìbàdàn, ẹ kò lè mọ èyí tó jẹ́, àfi kí ẹ bi bàbá ọmọ, tàbí kí ẹ wo bí wọ́n ṣe fi Lárúbáwá kọ ọ́.

ÀÁYÀ KAN TÓ KÓ MÉJÈÈJÌ PỌ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ kéwú má gbàgbé ìyàtọ̀ yìí, kó mú un lọ sí Súúrà Yūsuf, àáyà 96. Ẹ rántí ìtàn náà. Ojú Ànábì Yaʿqūb ti funfun nítorí ìbànújẹ́ lórí ọmọ rẹ̀. Yūsuf wá fi ẹ̀wù rẹ̀ ránṣẹ́ láti Íjíbítì. Ẹni tó mú ẹ̀wù náà dé, Bashīr ni àáyà pè é, pẹ̀lú ṣíínì. Àwọn onítúmọ̀ kan sọ pé Yahūdhā arákùnrin Yūsuf ni. Ó ju ẹ̀wù náà sí bàbá lójú, bàbá sì padà di ẹni tó ń ríran. Ọ̀rọ̀ tí àáyà náà lò fún èyí ni basīr, pẹ̀lú sọ́ádì.

Bashīr mú ìròyìn wá, Yaʿqūb sì di basīr. Ọ̀kan ni òjíṣẹ́, èkejì ni bàbá tó tún ríran. Bí a bá da lẹ́tà méjèèjì pọ̀ níbẹ̀, a ti da òjíṣẹ́ pọ̀ mọ́ bàbá.

ṢÉ Ẹ̀ṢẸ̀ NI AHỌ́N TÓ YÀTỌ̀?

Rárá. Súúrà Ar-Rūm àáyà 22 ka ìyàtọ̀ èdè wa àti àwọ̀ wa mọ́ àwọn àmì Ọlọ́hun. Nínú orúkọ àwọn Ànábì pàápàá, a rí i bí ṣ ti ń di s láti èdè kan sí èkejì. Àwọn Júù ń pe Ànábì Mūsā ní Moshe, wọ́n ń pe Ànábì Sulaymān ní Shlomo. Síínì ni Àlùkùránì fi pe àwọn méjèèjì. Ènìyàn kan náà ni, orúkọ kan náà ni, èdè ló yàtọ̀.

Ẹ tún wo Senegal. Ohùn ṣ kò sí nínú èdè Wolof, nítorí náà Bashīr di Bassirou lẹ́nu wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Shaykh Ahmadou Bamba tó dá ìjọ Mouride sílẹ̀ ń jẹ́ Bassirou. Muhammad al-Bashīr ni wọ́n ń kọ ọ́ ní Lárúbáwá. Bassirou náà ni orúkọ ààrẹ orílẹ̀-èdè náà, Bassirou Diomaye Faye, tí wọ́n búra fún ní 2 oṣù kẹrin ọdún 2024. Bí ọmọ Ìbàdàn bá dé Dakar, orúkọ Bàsírù rẹ̀ kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, Bachirou ni yóò bá nínú ìwé, nítorí pé ch ni Faransé fi ń kọ ohùn ṣ wa. Bachir náà ni wọ́n ń kọ ọ́ ní Algeria.

A kò gbọdọ̀ wá torí pé ahọ́n yàtọ̀ kí a fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Ìtàn kan wà nínú Bíbélì, nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 12. Àwọn ará Gílíádì dúró ní ibi ìsọdá odò Jọ́dánì, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọjá pe ọ̀rọ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣ. Ẹni tó bá fi s pè é, wọ́n á mọ̀ pé ará Éfúráímù ni, wọ́n á pa á. Ìtàn náà sọ pé 42,000 ènìyàn ló kú. Àwa kò fi idà pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹ̀gàn tí à ń fi ohùn bàbá àgbà rín ní gbangba, ọmọ ìyá ìwà yẹn ni. Súúrà Al-Hujurāt àáyà 11 ti kọ̀ ọ́ fún wa pé kí ìjọ kan má ṣe fi ìjọ kejì ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀dọ́ tó ń dá àgbà dúró lójú agbo wàásù láti tún orúkọ rẹ̀ pè fún un, ó mọ ṣíínì, ṣùgbọ́n kò mọ ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn oníwàásù wa ń sọ, pé Bilāl kò lè pe ṣíínì, pé síínì ló ń pè nínú ìpèrun, àti pé Ọlọ́hun gbà á bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Al-Mizzī àti Ibn Kathīr, àwọn àgbà nínú ìmọ̀ hádíìsì ní ọ̀rúndún kẹjọ hijira, ti sọ pé ìtàn náà kò ní ìpìlẹ̀. Nítorí ohùn rẹ̀ tó dára tó sì ń dún jìnnà ni wọ́n ṣe ní kó máa pèrun. A kò nílò ìtàn tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí a tó bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ahọ́n rẹ̀ kò gba lẹ́tà kan.

IBI TÍ Ó TI YẸ KÍ AHỌ́N KỌ́ Ẹ̀KỌ́

Nígbà tí a sọ pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, a kò sọ pé kí ọmọ kéwú má kọ́ ọ. Orúkọ lẹ́nu àdúgbò ọ̀tọ̀, Àlùkùránì àti ìrun ọ̀tọ̀. Àwọn onímọ̀ ti kà á pé lẹ́tà 7 ni kò sí nínú Fātihah, ṣíínì sì wà lára wọn. Nítorí náà ẹni tí kò lè pe ṣíínì lè ka Fātihah tán láìsí ìṣòro níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó fún àtáyà, ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí ń dúró dè é, ashhadu, ṣíínì ló sì wà láàárín rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń rọ àwọn ọmọ wa kí wọ́n máa fi ṣíínì dánra wò lójoojúmọ́.

Ẹ tún wo Ṣàkírù. Gbòǹgbò rẹ̀ pẹ̀lú ṣíínì ni ọpẹ́ dídá. Bí a bá fi síínì sí i, gbòǹgbò tó dá lórí ọtí àmupara la bá pàdé. Kò sí ẹni tó sọ pé ọ̀mùtí ni Sàkírù ọmọ Ìbàdàn. Gbogbo ayé mọ ohun tí bàbá rẹ̀ ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka Àlùkùránì fún ìjọ kò gbọdọ̀ da ọpẹ́ pọ̀ mọ́ ọtí.

ÀMÌ KÉKERÉ TÓ Ń DA ÌWÉ RÚ

Ìṣòro tó tóbi jù ń bẹ nínú ìwé kíkọ ju ẹnu lọ. Bàbá Ìjẹ̀ṣà sọ fún akọ̀wé pé Bàṣírù ni ọmọ òun. Akọ̀wé kò fi àmì sábẹ́ s, ó kọ Basiru. Ọjọ́ náà gan-an ni ọmọ olùmú-ìròyìn-ayọ̀-wá di olùríran lórí ìwé. Tí ó bá dé ilé-ẹ̀kọ́, tíṣà kọ Bashiru. Ìwé ìbí ń sọ ọ̀kan, ìwé ẹ̀rí WAEC ń sọ òmíràn, NIN ń sọ ẹ̀kẹta. Nígbà tí ó bá fẹ́ wọ yunifásítì tàbí gba ìwé ìrìnnà lọ Mẹ́kà, wọ́n á ní kó lọ búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ni òun, kó sì tún gbé e sínú ìwé ìròyìn. Owó àti àkókò ni èyí máa ná an.

Ohun kan tún wà tó ń rú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lójú. Nínú àwọn ìwé ẹ̀sìn tí a fi èdè òyìnbó kọ, s tó ní àmì lábẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń lò fún sọ́ádì. Sh ni wọ́n ń lò fún ṣíínì. Tiwa ní Yorùbá, s tó ní àmì lábẹ́ ni ṣíínì gan-an. Àmì kan náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá rí orúkọ Ọlọ́hun, Al-Basīr, pẹ̀lú àmì lábẹ́ s nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, Al-Bashīr ni yóò kà. Nítorí náà ni a kò fi fi àmì náà sí i nínú ẹ̀kọ́ yìí. Kí tíṣà kọ̀ọ̀kan fi èyí han ọmọ kíláàsì rẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN WA FÚN ÀWỌN ÒBÍ

Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ìjánu kì í ṣiṣẹ́ bí ẹni tó dì í mú kò bá mọ ibi tó ń darí ẹṣin sí. Nítorí náà:

1. Kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó dé, ẹ pinnu èyí tí ẹ fẹ́: ìròyìn ayọ̀ ni, tàbí ìríran? Ẹ sọ ọ́ fún àfáà kó lè túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn èrò.

2. Ẹ jẹ́ kí àfáà fi Lárúbáwá kọ ọ́ sínú ìwé fún yín lọ́jọ́ náà, ẹ sì tọ́jú ìwé náà. بشير àti بصير kò jọ ara wọn lójú ẹnikẹ́ni tó mọ lẹ́tà.

3. Lórí ìwé ìjọba, ẹ kọ Bashir tàbí Bashiru fún ti ṣíínì, ẹ kọ Basir tàbí Baseer fún ti sọ́ádì. Èyí tí ẹ bá mú, kó jẹ́ òun kan náà lórí ìwé ìbí, NIN àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́.

4. Bí ó bá jẹ́ orúkọ Ọlọ́hun ni ẹ ní lọ́kàn, ẹ fi Abdul ṣáájú rẹ̀: Abdul-Basīr, ẹrú Ọba Olùríran. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe dẹ́rù ba ẹni tó ń jẹ́ Bàsírù láìsí Abdul. Súúrà Al-Insān àáyà 2 fi ọ̀rọ̀ náà, láìsí al- níwájú rẹ̀, ṣàpèjúwe ènìyàn pé Ọlọ́hun ṣe é ní ẹni tó ń gbọ́rọ̀ tó sì ń ríran. Kò sí lára àwọn orúkọ tí a kò gbọdọ̀ fi pe ẹlòmíràn, bíi Ar-Rahmān. Ní ti Bashīr, kì í ṣe orúkọ Ọlọ́hun, kò nílò Abdul.

5. Bí bàbá àgbà bá fi s pe Bàṣírù, ẹ jẹ́ kí ọmọ dáhùn pé "Ẹ̀ẹ̀ẹ́n, bàbá," kó sì sáré lọ jíṣẹ́. Ilé-kéwú la ti ń tún ṣíínì ṣe, kì í ṣe lẹ́nu bàbá àgbà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Fi Lárúbáwá kọ orúkọ méjèèjì, kí o sì sọ ìtumọ̀ wọn.
2. Níbo ni ù ìdí Bàṣírù ti wá?
3. Ta ni Bashīr nínú Súúrà Yūsuf àáyà 96, ta ló sì di basīr?
4. Kí ló dé tí ohùn nìkan kò fi lè ya orúkọ méjèèjì sọ́tọ̀ lẹ́nu ọmọ Ìbàdàn?
5. Lọ bi àwọn òbí rẹ nípa orúkọ tìrẹ: ìlú wo ni ohùn tí wọ́n fi ń pè é ti wá, báwo ni wọ́n sì ṣe ń kọ ọ́ ní Lárúbáwá? Kọ ìdáhùn wọn wá fún tíṣà rẹ.

A bẹ Ọlọ́hun Ọba Olùríran kó fi ìròyìn ayọ̀ wọ ilé oníkálukú wa, kó jẹ́ kí àwọn ọmọ wa jẹ́ orúkọ rere tí wọ́n ń jẹ́. Àmín.